Ẹni Tó Ń Béèrè Láti Ilé Mi

Mi ò ní búra fún yín. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá dá a lójú ló máa ń wá ohun tí yóò fi búra. Èmi ti dàgbà, ó sì ti rẹ̀ mí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi, ojú mi ló rí i, ẹlòmíràn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi. Bí kì í bá ṣe pé ẹni náà wà níbẹ̀ ni, ǹ bá ti pe ara mi ní wèrè, ǹ bá sì dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi èyí kún un kí ẹ tó máa ro nǹkan mìíràn: kì í ṣe òru. Ọ̀sán Sátidé ni, òjò ń rọ̀, mo sì rí gbogbo nǹkan kedere. Bí ẹ bá rò pé òru nìkan ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń rìn, ẹ gbà mí gbọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọdún tí wọ́n ń mú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ gbòòrò ni. Ọ́fíìsì wa wà ní Igbó Ẹfọ̀n, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí ọ̀nà. Bí katapílà bá ń kọjá nísàlẹ̀, ife tíì á máa gbọ̀n lórí tábìlì. Ilé iṣẹ́ kékeré ni wá. À ń fi òpó gíga àti áńtẹ́nà gbé íńtánẹ́ẹ̀tì lọ sí àwọn ilé tó wà láti Igbó Ẹfọ̀n títí dé Ajah. Èmi ni mò ń tọ́jú àwọn sáfà, àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń dá ẹ̀rọ àwọn oníbàárà lóhùn.

Ọ̀kan nínú àwọn sáfà náà ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. DNS ni àwa oníṣẹ́ ń pe irú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le láti lóye. Ẹ̀rọ kò mọ orúkọ, nọ́ńbà ló mọ̀. Bí ẹ bá tẹ orúkọ ojúewé íńtánẹ́ẹ̀tì kan sórí fóònù yín, fóònù náà yóò kọ́kọ́ sáré lọ bi sáfà bẹ́ẹ̀ léèrè pé, nọ́ńbà wo ni ẹni yìí ń gbé? Sáfà á sọ nọ́ńbà náà fún un. Ìgbà náà ni fóònù yín tó mọ ibi tí ó ń lọ. Ẹ fi wé bàbá kan tó jókòó sí oríta, tó ń júwe ilé fún àlejò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé iṣẹ́ tó bá gbọ́n, àwọn oníbàárà tirẹ̀ nìkan ni sáfà rẹ̀ ń dá lóhùn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá bi í léèrè ló ń dá lóhùn, ìyàwó mi ló sì fà á.

Abúlé apẹja kan wà lẹ́yìn Ajah, létí ọ̀sà. Ibẹ̀ ni ìjọ aláṣọ funfun tí ìyàwó mi ń lọ wà. Wọ́n ní ilé ìwé kékeré kan níbẹ̀, àwọn aláàánú sì fún wọn ní kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ti ń ra íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n sáfà àwọn yẹn ń wọ́ bí ìgbín. Kí ojúewé kan tó ṣí, kíláàsì ti tán. Ìyàwó mi ní kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ náà máa bi tiwa. Mo ní ìlànà iṣẹ́ wa kò gbà á. Ó gbé abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí.

"Bàbá Tọ́lá, ẹni tó ń júwe ọ̀nà, ṣé ó máa ń kọ́kọ́ bi ènìyàn pé ọmọ ta ni?"

Mo bá Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ wa sọ̀rọ̀, ó gbà, a sì ṣí sáfà náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tàn kálẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ wá rí ní Ajah bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú fóònù wọn, wọ́n ń fún ara wọn, nítorí pé ó yá. Inú ìyàwó mi dùn sí i ju bí inú tèmi ṣe dùn lọ.

Àbẹ̀ní ni orúkọ rẹ̀. Aránṣọ ni. Sùtánà funfun ló ń rán, fún ìjọ tirẹ̀ àti fún àwọn ìjọ mìíràn lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Mo ṣe ojúewé kékeré kan fún un tí àwọn oníbàárà ti lè rí iṣẹ́ rẹ̀, mo fi orúkọ rẹ̀ sọ ojúewé náà, mo sì kọ orúkọ yẹn sórí sáfà wa. Láràárọ̀, kó tó fi ẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ ìránṣọ, á ṣí ojúewé náà wò láti ilé wa ní Thomas Estate. Kò sí ohun tó ń wá níbẹ̀. Ó kàn fẹ́ràn láti máa rí i ni.

Ó kú ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀. Àìsàn ni. Kò pẹ́. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mi ò lè gbé inú ilé yẹn mọ́. Mo gba yàrá kan sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, mo gbé e fún ìjọ rẹ̀. Módẹ́ẹ̀mù tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ilé wa, mo yọ ọ́, mo gbé e wá sí ọ́fíìsì, mo gbé e lé orí ṣẹ́ẹ̀fù láàárín àwọn okùn àlòkù. Mo fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn. Mo sì pa ojúewé rẹ̀ rẹ́, mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí sáfà, nítorí pé bí ojú mi bá ti kan orúkọ yẹn, ọwọ́ mi á dúró, iṣẹ́ ọjọ́ náà á sì parí síbẹ̀.

Ẹ fi gbogbo èyí sọ́kàn. Ọ̀rọ̀ Sátidé yẹn ló kù.

Èmi àti Àǹtí Ìyábọ̀ nìkan la wà ní ọ́fíìsì. Òun ló ń gba fóònù àwọn oníbàárà. Mo jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo wa là ń pè é ní Àǹtí. Inú ìjọ kan náà ni òun àti ìyàwó mi, ọ̀rẹ́ sì ni wọ́n. Láti ìgbà ìsìnkú, ó ti fi ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀ láti máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kí n má bàa jókòó kalẹ̀ sínú ìbànújẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì kan náà tí mo ń wọ̀ lójoojúmọ́, ó ní, "Bàbá Tọ́lá, eléyìí ti mọ ọ̀nà ọ́fíìsì. Ẹ lè rán an wá kí ẹ̀yin sì sùn sílé." Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ní ọ̀sán ni fóònù dún. Ọkùnrin kan ni, láti ilé ìwòsàn kan ní ìlú mìíràn. Òun ló ń tọ́jú íńtánẹ́ẹ̀tì wọn. Ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, bíi ti ẹni tí kò sùn. Ó ní láti àárọ̀ ni sáfà wa ti ń da èsì ràgàjì-ràgàjì bò wọ́n, èsì ìbéèrè tí àwọn kò béèrè. Ó ti dí ọ̀nà wọn pa. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè ti yàrá àyẹ̀wò dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà, wọ́n sì ní àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Kò bú wa. Ó kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún ẹ̀rọ yín kó dákẹ́."

Mo wò ó, òótọ́ ni. Ẹnì kan níbì kan láyé yìí ló ń fi nọ́ńbà ilé ìwòsàn náà bojú, tó ń bi sáfà wa léèrè. Ìbéèrè rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó mọ irú ìbéèrè tí èsì rẹ̀ máa ń gùn bí ìwé ìtàn. Sáfà wa ń fi gbogbo ọkàn dáhùn, èsì sì ń lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí ìbéèrè. Ẹ fojú inú wo ìkà ènìyàn kan tó fóònù gbogbo olóúnjẹ láti Lẹ́kí dé Ajah, tó ní kí oníkálukú gbé oúnjẹ ìnáwó wá sí ilé yín. Òun kò ní san kọ́bọ̀, kò sì ní jáde síta. Ẹ̀yin lẹ ó máa bá ìkòkò jà lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń lo sáfà wa nìyẹn.

Mo pe Ọ̀gá. Ilé rẹ̀ ló wà. Ọmọdé ni sí mi, ó sì mọ ohun tí sáfà yẹn jẹ́ fún mi. Ó ní kí n wá nǹkan ṣe sí i kí ilẹ̀ tó ṣú, bí kò bá sì ṣeé ṣe, òun yóò pa sáfà náà láti ilé, òun kò sì ní tan án mọ́.

"Ẹ má bínú, Bàbá Tọ́lá. Ènìyàn lè kú nídìí ọ̀rọ̀ yìí."

Mi ò bínú. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú ọkàn mi: bí sáfà yẹn bá kú, àwọn ọmọ létí ọ̀sà yóò dé kíláàsì ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kò sì ní sí ojúewé kan tí yóò ṣí. Ohun kan ṣoṣo tí ìyàwó mi tọrọ lọ́wọ́ mi tó ṣì ń mí láyé yóò sì ti lọ tẹ̀lé e.

Mo jókòó sí i. Àǹtí Ìyábọ̀ fa àga rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní kí n ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo ní, lákọ̀ọ́kọ́, màá kọ̀ fún sáfà láti dáhùn irú ìbéèrè tó ń sọ pé, sọ gbogbo ohun tí o mọ̀ fún mi. Màá sì fi òṣùwọ̀n sí iye ìgbà tí nọ́ńbà kan lè béèrè. Ẹni tó bá kọjá òṣùwọ̀n, sáfà ò ní fún un ní èsì mọ́. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ni yóò sọ fún un: padà wá, kí o kan ilẹ̀kùn. Bó bá kan ilẹ̀kùn, sáfà á sọ ọ̀rọ̀ àṣírí kan sí i létí, yóò sì ní kó dá ọ̀rọ̀ náà padà kí àwọn tó jọ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń fi orúkọ ẹlòmíràn béèrè kì í gbọ́ ohun tí a bá sọ, nítorí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn yẹn lọ̀rọ̀ ń lọ. Nítorí náà kò lè padà wá. Ẹni tó bá padà wá, tó dá ọ̀rọ̀ àṣírí padà, ó wà níbi tó ní òun wà. Kò sí irọ́ níbẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Àǹtí Ìyábọ̀ wí. "Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé náà ni. Bí wọ́n bá pè ọ́ lórúkọ tí o ò rí ẹni tó pè ọ́, má jẹ́. Bó bá jẹ́ ènìyàn, á wá sẹ́nu ọ̀nà."

Mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Ó ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ rárá. Ọkùnrin ilé ìwòsàn náà tún pè, ó ní ọ̀nà àwọn ti là, èsì àyẹ̀wò ti ń wọlé, ó sì ṣàdúrà fún wa. Ìkà ènìyàn yẹn ṣì ń béèrè, ṣùgbọ́n kò padà wá kan ilẹ̀kùn. Kò lè padà wá. Àwọn ará Ajah ń béèrè ní tiwọn, sáfà ń dá wọn lóhùn. Mo fi ẹ̀yìn ti àga. Òjò ń lu páànù.

Ìgbà náà ni mo rí i pé nọ́ńbà kan ṣì wà tó kọjá òṣùwọ̀n.

Mo mọ nọ́ńbà náà. Èmi ni mo fi fún ilé mi ní Thomas Estate.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọwọ́ ìkà yẹn náà ni. Ó lè mú nọ́ńbà èyíkéyìí. Mo wò bóyá a ti fún oníbàárà mìíràn. A kò fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kò burú, sáfà á ní kó padà wá kan ilẹ̀kùn, ìyẹn ló sì máa parí rẹ̀.

Ó padà wá.

Ó kan ilẹ̀kùn. Sáfà sọ ọ̀rọ̀ àṣírí sí i létí. Ó dá a padà bó ṣe tọ́.

Mo wò ó títí ojú fi ń ta mí. Mo dìde, mo gbé módẹ́ẹ̀mù ilé mi kalẹ̀ láti orí ṣẹ́ẹ̀fù. Eruku bò ó. Kò sí okùn kan lára rẹ̀. Ó tutù. Kò sí iná, kò sí ìró, kò sí nǹkan kan. Mo gbé e lé Àǹtí Ìyábọ̀ lọ́wọ́, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó gbé e padà fún mi. Nígbà tí mo yíjú sí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà náà tún ti kan ilẹ̀kùn.

Mo pe máígádì ẹ̀síteètì wa. Bàbá àgbàlagbà kan ni, láti òkè ọya, tó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa lọ. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó bá mi dé ẹnu ọ̀nà ilé, bóyá àwọn olè ti já a. Mo ń gbọ́ bàtà rẹ̀ nínú omi òjò. Ó dé ibẹ̀. Mo gbọ́ tó ń mi àgádágodo. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ó ti rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ da ẹni tó wà nínú ilé láàmú.

"Alàgbà, àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé ẹ ti gba aránṣọ sílé ni?"

Mo bi í pé kí ló dé.

"Ẹ̀rọ ń lọ nínú ilé."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti sọ fún yín pé kò sí ẹ̀rọ ìránṣọ kankan nínú ilé yẹn mọ́. Mi ò tíì sọ fún Àǹtí Ìyábọ̀ ohun tí máígádì wí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ilẹ̀, mo rí i pé ó ti bọ́ bàtà rẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn kí wọ́n tó wọ ilé àdúrà. Mo bi í pé èé ṣe. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i.

Mi ò tíì wo ohun tí nọ́ńbà yẹn ń béèrè. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo wá wò ó.

Orúkọ ojúewé Àbẹ̀ní ni. Ìyẹn nìkan ló ń béèrè. Èmi sì ti yọ orúkọ náà kúrò, nítorí náà èsì kan ṣoṣo ni sáfà ní fún un. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Á tún padà, á kan ilẹ̀kùn, á béèrè. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà wo ló ti ń béèrè, n kò mọ̀, mi ò sì wádìí rẹ̀. Sáfà tí mò ń fi ọwọ́ ara mi tọ́jú ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Fóònù dún. Ọ̀gá ni. Ó ń wo sáfà láti ilé rẹ̀. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó ní gbogbo nǹkan ti dára, àfi nọ́ńbà kan tó ń kan ilẹ̀kùn láìsinmi. Ó ní kí n dí nọ́ńbà náà pa. Bí n kò bá dí i, òun kò lè sùn mọ́jú pẹ̀lú sáfà tó wà ní ṣíṣí, òun yóò pa á bí a ṣe sọ. Kò mọ nọ́ńbà ta ni. Mi ò sì sọ fún un.

Mo gbé ọwọ́ lé e láti dí i. Ẹ gbà mí gbọ́, mo gbìyànjú. Ọwọ́ mi kò tẹ̀ ẹ́.

Mo wá rò ó pé ẹni tó ń béèrè ọ̀nà, bó bá rí èsì, á dẹ́kun ìbéèrè. Ojúewé náà fúnra rẹ̀ kò sí mọ́ níbikíbi, ṣùgbọ́n mo lè kọ orúkọ náà padà sórí sáfà, kí n sì fi nọ́ńbà kan sí i nídìí. Nọ́ńbà wo? Èyí tó wá sí mi lọ́kàn ni mo kọ. Nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tó wà níwájú mi ni.

Lójú ẹsẹ̀ ni ìbéèrè náà dúró. Nọ́ńbà ilé mi pòórá lórí sáfà. Ọ̀gá tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé òun ti rí i, kí n máa lọ sinmi.

Mo mí kanlẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún Àǹtí Ìyábọ̀ pé ó ti parí.

Nígbà náà ni òórùn sitáàṣì wọlé. Sitáàṣì àti áyọ́ọ̀nù gbígbóná lórí aṣọ funfun, òórùn ilé mi láràárọ̀ láti ìgbà tí mo ti gbéyàwó. Fèrèsé wà ní títì. Katapílà tó wà nísàlẹ̀ ti dákẹ́. Ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà mi, àkíyèsí kékeré kan yọ. Ó ní nọ́ńbà kan wà lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ǹpútà yìí tó fẹ́ wọlé. Bọ́tìnnì méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan láti gbà á láàyè, ọ̀kan láti kọ̀ ọ́.

Ẹ mọ nọ́ńbà náà.

Mo ti júwe ibi tí mo wà fún un, ó sì ti dé.

Àǹtí Ìyábọ̀ ti kúnlẹ̀. Ó di apá mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ bí yàrá náà ṣe tutù tó.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́," ló sọ sí mi létí.

Mo ní Àbẹ̀ní ni.

"Ẹ ò tíì rí ojú rẹ̀."

Mo ní ó mọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Mo ní ó padà wá, ó kan ilẹ̀kùn.

"Ìyẹn fi hàn pé ó wà níbẹ̀ ni. Kò sọ ẹni tó jẹ́." Omi ti wà lójú rẹ̀. "Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, Bàbá Tọ́lá."

N kò ní purọ́ fún yín. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tó wù mí láyé tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ẹni tí ẹ fẹ́ràn, mi ò ní ṣàlàyé fún yín. Àkíyèsí náà tún yọ lé orí ti àkọ́kọ́. Òmíràn tún yọ. Kò sí ariwo níbẹ̀, kò sí ohùn, àmọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé o wà nílé ṣe máa ń kan ilẹ̀kùn ló ṣe ń kàn án, kò yára, kò sì dúró. Òórùn náà ti wá sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn mi, níbi tí Àbẹ̀ní máa ń dúró sí bí ó bá fẹ́ wo iṣẹ́ mi.

Bí mo bá kọ̀ ọ́, á tún kàn án. Bí mo bá yọ orúkọ náà kúrò, á padà sí orí sáfà, sáfà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá á sì pa á. Bí mo bá sì gbà á láàyè, n kò mọ ohun tó máa wọlé.

Nọ́ńbà kan wà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n. Gbogbo ẹ̀rọ láyé ló ní in. Kò tọ́ka sí ibì kankan àfi sí ara ẹ̀rọ tó bá pè é. Bí ẹ bá júwe rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ohun tí ẹ ń sọ fún un ni pé, ibi tí ò ń wá, ibẹ̀ náà lo wà.

Mo padà sórí sáfà. Mo fi orúkọ Àbẹ̀ní sílẹ̀. Mo pa nọ́ńbà kọ̀ǹpútà mi rẹ́, mo sì kọ nọ́ńbà yẹn sí i nídìí. Lẹ́yìn náà mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì lé itan, mo ń wo ojú kọ̀ǹpútà.

Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Sáfà dá a lóhùn.

Kíkàn náà dúró. Òórùn náà kò lọ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó dúró díẹ̀ lẹ́yìn mi, mo sì mọ ìgbà tó kúrò, bí ènìyàn ṣe máa ń mọ̀ pé ẹni tó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì ti dìde. Àǹtí Ìyábọ̀ wọ bàtà rẹ̀. A pa iná ọ́fíìsì, a sì jọ sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò. Títí di òní, kò tíì bá mi sọ ọ́, èmi náà kò sì dá a sílẹ̀.

Sáfà náà wà ní ṣíṣí. Àwọn ọmọ létí ọ̀sà ń bi í, ó ń dá wọn lóhùn. Orúkọ Àbẹ̀ní wà lórí rẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́. Ìgbà mìíràn wà tí nọ́ńbà ilé mi máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á gba èsì, á sì dákẹ́. Ọmọ wa Tọ́lá ń pè mí láti òkè òkun pé kí n ta ilé yẹn, kí ni mò ń fi í ṣe. Mo máa ń ní kó ṣe sùúrù. Mi ò tíì ṣí ilẹ̀kùn náà. Máígádì yẹn ti padà sí ìlú rẹ̀, èyí tó wá lẹ́yìn rẹ̀ kì í sì í gba ìhà ilé mi kọjá, mi ò sì bi í pé kí ló dé.

Bí mo bá jí, tí n kò lè padà sùn, ohun tí mo máa ń rò ni èyí. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀nà ni mo júwe fún un lọ́jọ́ yẹn, tàbí mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní sáfà tó ń dá gbogbo ayé lóhùn, ẹ fi òṣùwọ̀n sí i lónìí. Ẹ má dá ẹni tí ẹ kò rí lóhùn ní kíkún. Ẹ ní kó padà wá kan ilẹ̀kùn. Bí ó bá sì padà wá, tó kàn án, tó jẹ́ pé láti ibi tí ènìyàn kò sí mọ́ ló ti wá, ẹ bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, àmọ́ ẹ má ṣe júwe ibi tí ẹ wà fún un. Èmi ti ṣe é. Ó mọ̀ ọ́n báyìí.